Ẹni Tó Pọn Ọtí Ló Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Bí inú bá ń bí mi, mo máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀rù bá wá ń bà mí, ẹ kúkú sá fún mi. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Ọláṣẹ́gun fẹ́ wá tọ́ ọtí wa wò, ẹnu mi ò dákẹ́ láti àárọ̀. Mo bá kọ́ọ̀bù jà, mo bá fáànù jà, mo bá Gbádé ọkọ mi jà pé ojú oòrùn ló to àga sí.

Èmi Ọmọ́níkẹ́ ni mò ń pọn bíà, Gbádé ló ń tà á. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo ti ń pọn ọ́n. Kì í ṣe bíà ilé-iṣẹ́ ńlá, tí gbogbo ìgò ń dùn bákan náà. Oríṣi mẹ́rin ni tiwa: aláwọ̀ oyin tí mo fi àlìkámà ṣe, èyí tí mo fi ewúro mú korò, dúdú tó ní òórùn kòkó yíyan, àti ọ̀kan tó kan lẹ́nu, tí mo fi agbálùmọ̀ sí. Ilé ọtí ni Ẹ̀gbọ́n ní ní Yaba. Tí tiwa bá wọlé síbẹ̀, a ti dé nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bíà kọ́ ló ń já mi láyà. Mo lóyún, ẹnì kankan ò sì mọ̀. Ọkọ mi gan-an ò mọ̀.

Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára mi. Èyí èkejì ò tíì hàn rárá tí Gbádé fi jó dé iwájú pẹpẹ lọ dúpẹ́. Ó sọ fún pásítọ̀, ó sọ fún oníkẹ̀kẹ́, ó sọ fún ẹni tó ń bá a gẹ irun. Kò pẹ́ sígbà yẹn, oyún bọ́. Ó wá di pé ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà, ikùn mi ló ń kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ràn Gbádé, ṣùgbọ́n ajere lẹnu ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú ẹ̀. Mo ní tèyí, títí yóò fi yọ fúnra rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé ọtí kò gbọdọ̀ gba ọ̀fun mi kọjá, bó ti wù kó kéré mọ.

Bẹ́ẹ̀, a kì í gbé ọtí síwájú àlejò ká má kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú rẹ̀, kọ́kàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo bá sọ fún Gbádé pé òun ni kó máa tọ́ ọ wò, pé èmi á máa bu ọtí. Kò bi mí ní ìdí. Mo dúpẹ́ nínú mi.

Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n jókòó, Gbádé tọ́ aláwọ̀ oyin wò, ó gbé e fún wọn.

"Eléyìí fúyẹ́," ni wọ́n wí. "Ó dáa fún ọ̀sán."

Wọ́n fi omi ṣan ẹnu, wọ́n mu elewúro. "Háà! Eléyìí ń bá èèyàn jà o! Tèèyàn bá padà mu ti àkọ́kọ́ báyìí, omi lásán ni yóò dà lẹ́nu ẹ̀." Nígbà tí wọ́n mu dúdú, ṣe ni wọ́n dijú. "Ọ̀gá wọn nìyí. Ó korò, àmọ́ kò korò bíi ti ewúro yẹn." Inú mi ń dùn, àyà mi ń já.

Ó wá kan alágbálùmọ̀. Gbádé mu ún. Ẹ̀gbọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò nímú kíá.

"Eléyìí ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Bó ṣe ń rí nìyẹn. Gbádé ṣáà mu ún lójú yín."

"Gbádé kọ́ ló pọn ọ́n. Látìgbà tí mo ti jókòó, ìwọ ò tíì fi ẹnu kan ìkankan. Ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbí ohun kan wà níbẹ̀ tí o mọ̀?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára mi.

Mo gbé kọ́ọ̀bù. Ṣé kí n kàn fi kan ètè ni? Wọ́n máa rí i. Ṣé kí n mu díẹ̀ péré? Tí eléyìí náà bá wá bọ́ ńkọ́? Ọlọ́run mi o!

Gbádé gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. "Kò lè mu ún, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń lo oògùn."

Oògùn kẹ̀! Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ló bá tún ń le sí i.

"Oògùn kí ni? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń pọn ọtí tí ẹ fẹ́ kí n tà? Gbádé, sọ̀rọ̀. Ìwọ kì í kúkú pa nǹkan mọ́ra."

Gbádé la ẹnu, ó pa á dé. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Kò ní mu ún, mi ò sì ní sọ ìdí ẹ̀. Tíyẹn bá máa ba ọjà jẹ́, kó bà á jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n dìde. "Dúdú yẹn dáa o. Àmọ́ mi ò lè gbé ohun tí ẹni tó ṣe é ń sá fún síwájú oníbàárà mi." Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo kó àwọn kọ́ọ̀bù sórí tíréè, mo kọjú sí Gbádé kí n da ọ̀rọ̀ bò ó, mo bá rí i tó rọra gba tíréè náà lọ́wọ́ mi kó má bàa wúwo fún mi. Mo jókòó.

"Gbádé. O mọ̀."

"Ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ bíà wò tó o ń tu ú dànù lẹ́yìn táǹkì ni mo ti mọ̀."

Ẹ̀rù tún gbé mi dìde. "Ta lo sọ fún? Má parọ́ fún mi o! Ṣé pásítọ̀ ni? Ṣé ìyá ẹ ni?"

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń fọ kọ́ọ̀bù.

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan," ló wí. "Ìwọ gan-an ńkọ́, ṣé mo sọ fún ẹ ni?"