Bébà Méjì Lábẹ́ Tábìlì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú àpótí ṣe rí, kó wá bá mi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Yàrá wa wà nísàlẹ̀ mùsíọ́mù. Kò ní fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba àwọ̀ labalábá jẹ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ a máa ti ara rẹ̀ pa, torí kòkòrò tó wà láàyè a máa jẹ kòkòrò tó ti kú. Bí mo bá fẹ́ jáde, màá tẹ aago, màá sì dúró títí ẹ̀ṣọ́ á fi rántí pé mo wà láyé. Òórùn káńfọ̀ ti wọ̀ mí lára débi pé ọkọ mi ní òun lè fi mí sínú àpótí aṣọ. Mo ní kó dán an wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n ya fọ́tò àwọn labalábá tí wọ́n ti ń kó jọ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, kí n sì tẹ ohun tó wà lára bébà wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn olùwádìí níbikíbi lè rí i. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún labalábá kọ̀ọ̀kan mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Bébà kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò wà lára abẹ́rẹ́ náà lábẹ́ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹni tó mú un. Bí bébà yẹn bá sọnù, labalábá náà kò wúlò fún olùwádìí kankan mọ́. Màá yọ abẹ́rẹ́, màá fi ẹ̀mú fa bébà kúrò lára rẹ̀, màá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ labalábá kí kámẹ́rà lè rí méjèèjì, màá yà á, màá dá bébà padà. Ó tún kan òmíràn. Ọgọ́fà ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi lójúmọ́.

Bàbá Abẹ́rẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ló kọ́ mi. Àwọn ló tọ́jú àwọn dúrọ́ọ̀ yìí fún ọdún méjìdínlógójì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn ló sì mú ìdajì labalábá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ láti bá mi ka ohun tí àwọn ará àtijọ́ kọ wúruwùru. Ìyàwó wọn ti kú. Wọ́n ń dá gbé nínú ilé kan tí kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, pé labalábá kan ni kó máa wà lórí tábìlì, bí mo bá rí méjì, kí n dá ọ̀kan padà. Mo gbọ́, mo sì pa á mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ tí mo rú u, inú ló ń bí mi. Ọ̀gá wa, obìnrin tí mo fi ọdún méjì jù lọ, ti wá dúró lé mi lórí láàárọ̀, ó ní àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn ti ń ya igba. Mo ní ó dáa. Mo to mẹ́rin sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, mo yọ bébà wọn, mo tẹ́ kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ rí i pé ó yẹ kóun ṣílẹ̀kùn wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Atẹ́gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá a wọlé, bébà méjì sì fò sábẹ́ tábìlì.

Mo fi orúnkún rìn títí mo fi rí wọn. Ìkọ̀wé Bàbá Abẹ́rẹ́ ló wà lára méjèèjì, ọdún kan náà, oṣù kan náà. Ọ̀kan ní orí òkè, èkejì ní àbàtà. Labalábá méjì ló ń dúró dè wọ́n: aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ní àmì funfun wínníwínní létí apá, àti funfun kan tó wọ́pọ̀ bí yanrìn. N kò mọ èyí tó ni èwo. Kí n dúró de Bàbá? Ọjọ́ Ajé la wà, ọ̀la ni wọ́n tó máa dé, ọ̀gá sì ń ka iye tí mò ń yà. Kí n sọ fún ọ̀gá? Ìwé iṣẹ́ mi ń parí lóṣù tó ń bọ̀, ọkọ mi kò sì rí iṣẹ́ ṣe látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Mo fún aláwọ̀ ilẹ̀ ní àbàtà, mo fún funfun ní òkè, mo ya fọ́tò wọn. Mo ní ta ló máa mọ̀.

Ṣé ẹ rí i, àwọn kan ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí tó ń wo iṣẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí òkè nìkan ni gbogbo ayé mọ aláwọ̀ ilẹ̀ yìí sí, àwa la sì ní ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n mú ní àbàtà. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ra ohun mímu tútù fún gbogbo wa. Àwọn olùwádìí ní àwọn ń bọ̀ láti wá a kiri nínú àbàtà náà. Mùsíọ́mù sì fi ọdún méjì kún ìwé iṣẹ́ mi, nítorí ìṣọ́ra mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá pe Bàbá Abẹ́rẹ́ wá wo ohun tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ láìmọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a má tan ara wa jẹ, àwọn rántí ọjọ́ náà dáadáa, orí òkè ni. Ẹsẹ̀ wọn ti rọ́ lójú ọ̀nà, ìyàwó wọn ló gba àwọ̀n lọ́wọ́ wọn, tòun ti oyún àkọ́bí nínú. Ó sáré tẹ̀ lé labalábá náà, ó mú un, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ojú wọn ń dán.

Ọ̀gá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó sì gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé wọn lọ́wọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ka bébà náà, wọ́n tún un kà, ẹ̀rín wọn sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀.

“Ìkọ̀wé mi ni,” ni wọ́n wí. “Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ́, n kì í dúró dọ̀la. Á jẹ́ pé orí mi ló ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.”

Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu ẹ̀mú ọwọ́ mi. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi sí ọ̀gá, sí ẹ̀ṣọ́, sí atẹ́gùn, sí gbogbo ẹni tí kì í ṣe èmi.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń ṣọ́ ara wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á tún bi mí bóyá àwọn ti kí mi. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù, wọ́n á padà sílé lọ wò ó bóyá àwọn ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá wá kọ́kọ́rọ́ tì fún ìṣẹ́jú kan, bí gbogbo wa ṣe ń wá tiwa tì, wọ́n á ní ó ti ń burú sí i. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún àkọ́bí wọn, obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá, ó bi wọ́n ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe ń bi aláìsàn, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n débi pé wọ́n ṣi ọjọ́ inú oṣù pè. Ló bá pinnu. Wọ́n máa wá gbé lọ́dọ̀ òun, wọ́n á ti ilé wọn pa, kò sí ìrìn àdárìn mọ́, kò sí dúrọ́ọ̀ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa wá dágbére.

Mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi, ebi ọdún tó kọjá kò pa wá kú. Ara tù mí. Mo rò pé ohun tó kù kò ju kí n lanu lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́ta ló wọlé: Bàbá, nọ́ọ̀sì tó gbé àpò wọn lọ́wọ́, àti ọ̀gá. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, orí yín pé. Èmi ni mo pààrọ̀ bébà.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìbínú dé orí atẹ́gùn. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní òun mọ bí mo ṣe fẹ́ràn Bàbá tó, ṣùgbọ́n kí n má fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ní àwọn olùwádìí ti wọ ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n wo funfun, bébà òkè ń bẹ lára rẹ̀. Ó ní kò síbi tí funfun kò sí, ó wà lórí òkè pẹ̀lú. Mo ní fọ́tò wà. Kí n tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ wọn ni mo yà á, irọ́ mi ló wà níbẹ̀ gedegbe. Mo ní gbogbo ayé ló gbà pé òkè nìkan ni aláwọ̀ ilẹ̀ ń gbé. Ó ní ìdí nìyẹn gan-an tí èyí fi jẹ́ ìròyìn.

Bàbá fọwọ́ kan èjìká mi. Wọ́n ní kí n dìde.

“Kí àwọn bébà yẹn tó fò, ṣé o ti ka èyí tó wà lára aláwọ̀ ilẹ̀?”

“Rárá, Bàbá. N kò kíyè sí i.”

“Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé o pààrọ̀ wọn?”

“Torí ẹ̀yin lẹ sọ pé orí òkè ni.”

“Ṣé o rí i? Orí mi yìí náà lo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí n lọ.”

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì. Mo ní kó gbà mí gbọ́, kó dákun. Omi ti lé ròrò lójú tirẹ̀ náà.

“Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn wọn tún máa ṣe méjì méjì. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní bóyá màmá mi kò tilẹ̀ bá wọn gun òkè kankan rí.”

Mo tẹ aago fún wọn, ẹ̀ṣọ́ ṣílẹ̀kùn, mo sì sìn wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ni, Bàbá a sì máa gùn ún láì di ohunkóhun mú. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n sì gbé apá lé e, ó ń fà wọ́n gòkè ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ohun tó ṣe orí wọn náà, èmi nìkan ni mo sì mọ̀.