Àrọ̀ Inú Ọbẹ̀ Àna

Odò kì í kún bo ẹja lójú. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ajíbọ́lá ń wí sínú bó ti ń fa ìgèrè yọ lẹ́nu àpáta, tí omi òjò àkọ́rọ̀ ń ru gùdù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òfìfo tún ni. Ewé nìkan ló kó.

Látìgbà tí àwọn aláìláàánú kan ti da oògùn kòkó sódò láti fi pẹja, odò ti kú. Ìlú ra ọmọ ẹja àrọ̀, wọ́n dà wọ́n sí ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì ṣòfin: ẹni tó bá pẹja, ewúrẹ́ kan ni ìtanràn rẹ̀. Ajíbọ́lá ni wọ́n ní kó máa fi ìgèrè ṣọ́ wọn. Òun ló gé lẹbẹ òsì wọn kúrò nídìí, kó lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá ń gòkè lọ yé ẹyin.

Lọ́sàn-án òní, ìgbìmọ̀ yóò jókòó láàfin. Bí ẹja kankan kò bá tíì kọjá àpáta, Kábíyèsí yóò ṣí odò fún ìwọ̀ àti àwọ̀n. Ó parí náà nìyẹn.

"Olúwa, Ìwọ tó rán ẹja sí Jónà, fi ẹyọ kan hàn mí."

Ebi ló gbé e dé ahéré ìyá ìyàwó rẹ̀, lókè odò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àna mi, dìde. Ulé ńkọ́? Bùsáyọ̀ ọmọ mi ńkọ́? O mà rù o! Àbí ẹja ló wá ń jẹ ọ́ ni?"

Ta ní í kọ oúnjẹ àna? Iyán dé, funfun bí òwú, ọbẹ̀ tẹ̀lé e, ẹja ká sínú rẹ̀. Ajíbọ́lá bu òkèlè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lókè. Lẹbẹ ọ̀tún wà. Tòsì kò sí.

"Màmá, níbo lẹ ti rí ẹja yìí?"

Ojú obìnrin náà yí padà. Kí àna òun má jẹ iyán lọ́bẹ̀ lásán ló gbà á lọ́kàn. Ó gbàgbé iṣẹ́ tí àna ń ṣe.

"Mi ò ju ìwọ̀ sódò o! Lẹ́yìn òjò àná, inú poro ilá mi ni mo ti bá a, tó ń wọ́ lọ. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n ní kó padà sílé ni?"

Ajíbọ́lá yíjú sí àkùrọ̀ tó yí àpáta ká. Omi ṣì ń dán nínú gbogbo poro. Òun ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹja ti gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ó dá òkèlè padà, ó fọwọ́ bo àwo.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra. Èmi ni n ó gbé àwo. Ẹ bá mi dé ààfin, kí ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i."