Ohun Funfun Tí Bàbá Fearchar Rí

Àpáta kan wà lẹ́nu omi abúlé apẹja Camas Liath tí wọ́n ń pè ní Arúgbó. Bí omi bá fà, á yọ orí pípá rẹ̀ síta, á máa wo àwọn ilé etíkun bí àna tó wá ṣọ́ àṣìṣe. Bí omi bá kún, á rì mọ́lẹ̀, á sì máa dúró de ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí Camas Liath tí kò mọ Arúgbó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Bàbá Fearchar fi ká gbogbo wọn lára. Ọkùnrin tó ti ń dẹ igèrè fún ọ̀kàṣà, edé ńlá inú òkun, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti pupa bí ẹyin iná, tí irun náà wá funfun lórí omi kan náà, òun ló gbé ọkọ̀ lọ gun Arúgbó lórí lọ́sàn-án gangan.

Àpáta náà ha ikùn ọkọ̀, kò lù ú já. Ọkàn ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló lù já.

"Ojú mi ló ti kú," ni Bàbá Fearchar wí nínú ilé ìdáná Curstag. Curstag ni opó tí ilé rẹ̀ wà láàárín ilé gbogbo èèyàn, tí omi tíì kì í kúrò lórí iná rẹ̀. "Kẹ́nikẹ́ni má fi ìtùnú yọ mí lẹ́nu. Tó bá di Sátidé, Torcuil ń gbé katakata bọ̀. A ó wọ́ ọkọ̀ náà gòkè, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó sì gé ilẹ̀kùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ilé adìẹ."

Torcuil, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì lọ́wọ́. "Àwọn adìẹ ti gbọ́, Bàbá. Àkùkọ ti ń bi mí pé yàrá wo ni tòun."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Curstag wí. "Ìwọ tí èébì ń gbé bó o bá rí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀." Ó yíjú sí Bàbá Fearchar. "Fearchar, rò ó dáadáa. Ṣé kò sẹ́ni tó darúkọ àlùfáà létí ẹ kó o tó jáde lọ́jọ́ yẹn? Àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn nawọ́ kan irin sítóòfù. Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kì í bá èèyàn lọ sójú omi ní Camas Liath. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é, kó yáa fọwọ́ kan irin.

"Ìyá Curstag, ẹ̀yin gan-an lẹ tún pè é yìí," ni Torcuil wí.

"Inú ilé ni mo wà. Ilé kì í rì."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ," ni Bàbá Fearchar wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Kùrukùru díẹ̀ ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí òkè. Mo rí ògiri ilé Peigi, ó funfun bí ẹyin. Mo to ògiri náà mọ́ àlàfo orí òkè kí méjèèjì wà lójú ìlà kan, bí mo ṣe máa ń tò ó látọjọ́ ayé mi, mo sì kọjú ọkọ̀ sí i. Bí mo ṣe ní kí n mí báyìí, Arúgbó ló kí mi káàbọ̀. Ẹni tó rí ọ̀nà kedere tó tún ṣìnà, kí lẹ fẹ́ pe ojú onítọ̀hún?"

Raonaid náà gbọ́ ọ. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí, níbi tó máa ń jókòó sí. Ọmọ-ọmọ Peigi ni. Peigi sì ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Fearchar, tí wọ́n sin nígbà tí ewé ń wọ́ ní ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà, Raonaid nìkan ló ń gbé ilé ìyá ìyá rẹ̀ létí omi. Ojú máa ń tì í, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Curstag á ní kí wọ́n gbé omi tíì kúrò lórí iná kí àwọn lè gbọ́ ohun tó ń wí. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ ṣáá: *ó funfun bí ẹyin*.

Nígbà tó délé, ó lọ dúró níwájú ògiri náà. Kò funfun bí ẹyin. Òjò àti ìjì ìgbà òtútù ti fọ ẹfun ara rẹ̀ dànù, èéhù tútù ti gùn ún dé ìdajì. Ara rẹ̀ dà bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ìgbà tí Peigi wà láyé, bí ọ̀dọ́ àgùntàn àkọ́kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí òkè, á po ẹfun sínú garawa, á gun àkàbà, á sì kun ògiri náà títí tí yóò fi máa dán. Ṣùgbọ́n ní Camas Liath, ilé tí onílé rẹ̀ kú kì í wọ funfun títí ọdún á fi yípo, bí opó kì í ti í wọ aṣọ pupa. Bàbá Fearchar fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ létí ibojì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri Peigi.

Kí wá ni Bàbá rí?

Raonaid yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Okùn aṣọ rẹ̀ ń mì nínú atẹ́gùn. Àyà rẹ̀ já. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gun àpáta, oòrùn là láàárọ̀, ó sì fọ àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá Peigi, ó sá wọn. Nígbà tí kùrukùru dé, oorun ti gbé e lọ, kò sì kó wọn wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ó sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sórí okùn náà padà, ó gbé ọkọ̀ àfàjẹ̀wà kékeré Peigi, ó wà á lọ sí ẹnu omi. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ilé kò sí mọ́. Ògiri, koríko àti òkúta òkè ti di àwọ̀ kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń tàn ní gbogbo etíkun ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó yí ọkọ̀ padà, ó to aṣọ náà mọ́ àlàfo orí òkè, ó sì wo ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Omi ti fà. Orí Arúgbó ló kọjú sí gbọnran.

Kì í ṣe pé ojú Bàbá kú. Ohun tí kò yẹ kí ó rí ló rí.

Raonaid sáré lọ sílé Bàbá Fearchar, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ náà sì padà wálẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àgbà? *Bàbá, aṣọ mi ló fẹ́ pa yín. Bàbá, òfin yín ló fẹ́ pa yín.* Ó rìn padà sílé. Àpò ẹfun tí Peigi lò kù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹnu kò bá lè sọ ọ́, ọwọ́ á sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, katakata sì ń bọ̀ lọ́la.

Ó ti kun apá kan ògiri nígbà tí Curstag rí i láti ojú fèrèsé. Igbe tó ta, àwọn àgùntàn orí òkè gbé orí sókè. Kò pẹ́ tí Bàbá Fearchar fi dé, ọ̀pá rẹ̀ ń gún ilẹ̀.

"Raonaid! Sọ̀kalẹ̀! Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ògiri òkú?"

Raonaid sọ̀kalẹ̀. Ẹfun wà nírun rẹ̀, ó wà nímú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn?"

"Sọ̀rọ̀ sókè!"

"Mo ní kí lẹ rí!" Ohùn náà jáde ju bó ṣe rò lọ. Ó ya òun gan-an lẹ́nu.

"Ògiri yìí ni mo rí. Mo ti sọ ọ́."

"Ó funfun?"

"Ó funfun bí ẹyin."

"Ẹ wo apá ibi tí mi ò tíì kùn."

Bàbá Fearchar wò ó. Ó sún mọ́ ọn, ó fi àtàńpàkò ha èéhù tútù náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu omi.

"Bí èyí bá ṣe rí nìyí, kí wá ni mo tẹ̀ lé?"

Raonaid nawọ́ sí okùn aṣọ. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, Bàbá. Èmi ni mo sá a. Ẹ má bínú."

Curstag fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Fearchar dúró bí òpó. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Raonaid sì rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde.

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì! Èmi Fearchar, mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi mọ omi, mo wá tẹ̀ lé aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ sí àpáta!"

"Ìwọ nìkan kọ́," ni Curstag wí. "Ọkọ mi náà ṣe é rí. Àmọ́ ti tiẹ̀, ìyàwó oníyàwó ló ni bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá Fearchar jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Lọ́dọọdún ni mo máa ń fi Peigi ṣe yẹ̀yẹ́. Mà á ní, 'Ta lò ń kun ilé dè? Ọkọ wo ló ń bọ̀?' Á ní, 'Ẹni tó ń bọ̀ mọ ara ẹ̀.'" Ó nu ojú. "Afẹ́ ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé èmi ni ẹni tó ń bọ̀."

"Ọdún ò tíì yípo o," ni Curstag wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọ̀wọ̀ tí mo fi ń bo òkú ló bo ojú ọ̀nà mọ́ alààyè lójú. Peigi ò ní bínú. Raonaid, búrọ́ọ̀ṣì mìíràn wà?"

Kò sí. Curstag lọ mú ti ẹ̀ wá.

Nígbà tí Torcuil gbé katakata dé láàárọ̀ Sátidé, ẹfun ògiri ń ta ojú débi pé ó fi ọwọ́ ṣíji bojú. Ó ti mú ayùn dání láti gé ilẹ̀kùn. Bàbá Fearchar ti wọ bàtà omi rẹ̀.

"So okùn mọ́ imú ọkọ̀," ló wí, "kó o sì wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, sínú omi."

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn adìẹ?"

"Sọ fún wọn pé onílé kò kó jáde mọ́."

Bàbá Fearchar àti Raonaid ló jọ lọ dẹ igèrè. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti bọ́ sílẹ̀. Lẹ́nu omi, Bàbá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀.

"Jẹ́ n sọ òótọ́ kan fún ẹ," ló wí. "Ojú mi ò kú, àmọ́ kò mú bíi tàná mọ́. Ohun tó bá funfun ni mo ń rí. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Jókòó síwájú. Ohun tó o bá rí, pè é fún mi. Pè é kó ju ẹ́ńjìnnì lọ."

Raonaid wo iwájú. Ó ti ṣí okùn aṣọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó gbé ẹnu sókè.

"Ògiri Peigi!" ló kígbe. "Ó ti wà lábẹ́ àlàfo òkè, Bàbá! Ẹ mú un bẹ́ẹ̀!"

Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ létíkun, Curstag gbọ́ ohùn náà, ó sì jẹ́ kí omi tíì rẹ̀ máa hó lọ.