Àwọn Tó Ń Du Ipò Ìyálé Lójú Àlá Mi

Gàníyù, má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ẹ̀mí tí wọ́n ní wọ́n máa ń wá bá ọkùnrin sùn lójú àlá, méjì ló wá bá mi lóru àná.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ni bẹ́ẹ̀dì náà wà. Èkíní wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín. Ó fọwọ́ kan àyà mi, gbogbo ara mi gbóná. Kó tó dùbúlẹ̀ ni èkejì yọ látinú ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ àlá rẹ̀. Kúnlẹ̀ kí mi."

Èkíní ní òun ò lè kúnlẹ̀ fún ẹni tí irun rẹ̀ ń jábọ́. Àwọn ẹ̀mí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba gbogbo ayé ló wá ń jà sí ẹni tó máa gbálẹ̀ àti ẹni tó máa sùn lápá ògiri. Òtútù sì ń pa èmi tí wọ́n torí mi wá. Iranù gbáà ni.

Wọ́n ní kí n sọ ẹni tó jẹ́ ìyálé. Ojo bíi tèmi, orúkọ ìyàwó ilé mi ni mo pariwo: "Ìyá Ṣadé ni ìyálé."

Wọ́n jọ pòṣé, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ.

Nígbà tí mo lajú, Ìyá Ṣadé ti jókòó tì mí. Ó ní, "Mo gbọ́ pé èmi ni ìyálé. Ta wá ni ìyàwó kékeré?"

Mo ní àlá ni. Ó ní kí n lọ gba oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó kékeré.