Ẹnu Tí Bẹntiróòlù Jó

Tìbínú-tìbínú ni Pemnath já wọ òtẹ́ẹ̀lì Lodha lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ kẹta nìyí tí Surjanath, àbúrò rẹ̀, kò lè jẹun. Ètè rẹ̀ bó, ahọ́n rẹ̀ wú. Wàrà tútù ni ìyàwó rẹ̀ ń kán sí i lẹ́nu.

Ijó iná ni ìran wọn ń jó, Pemnath ló sì ń ṣáájú. Lọ́jọ́ ọdún Jasnath, ẹni mímọ́ wọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán gun ẹyín iná, wọ́n á ki ògúnná bọnu, wọ́n á ké “Fateh!”, ìyẹn “Ìṣẹ́gun!” Ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń múra. Kò sẹ́ni tó ń fi bẹntiróòlù kan ẹnu.

“Ta ló ní kí o fún àbúrò mi ní bẹntiróòlù kó fi ẹnu fẹ́ ẹ síná?”

Lodha tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ rọra. Àwọn tó wá ṣègbéyàwó fẹ́ kí iná ga ni. Ògúnná ò hàn nínú fótò.”

“Fótò? Ẹnu èèyàn bó, fótò lò ń sọ! Ojú ò tì ọ́?”

“A ò fipá mú un. Ó dẹ̀ ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ wá ṣe tiyín ní Sátidé.”

Pemnath fa aṣọ ìpolówó tí wọ́n ya àwòrán Surjanath sí lulẹ̀, ó fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tì í síta.

Ó délé, ó ń ṣépè. Gomti, ìyàwó àbúrò rẹ̀, fa ìborí bojú. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò bá Pemnath sọ̀rọ̀ rí; àṣà wọn ò gbà á. Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ fi Lodha sílẹ̀. Ta ló lé ọkọ mi nídìí iná lọ́dún tó kọjá?”

“Ó mutí!”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹ pè é ní ẹlẹ́nu ìdọ̀tí lójú gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni ò pè é jó mọ́. Ibi tí wọ́n ti pè é ló lọ.”

Pemnath na ọwọ́ gba abọ́ wàrà. Surjanath kọjú sógiri.

Ìbínú gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà abúlé. “Tí ẹ ò bá pe Surjanath padà sídìí iná, èmi ò ní ṣáájú ijó lọ́dún yìí.”

“Ṣebí ìwọ lo lé e?” ni olórí wọn wí.

“Èmi ni!” ló jágbe. “Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn!”