Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Ṣàìsàn Lójú Oníṣègùn

Nígbà tí kọ̀ǹpútà Afínjú tún dákú lẹ́ẹ̀kẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Atawẹ́wẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ẹyẹ bá fò kọjá lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á bi í pé níbo ló ń lọ tí kò lè kí ènìyàn, òun ló panu mọ́ bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná, ṣé ó dákẹ́ ni?

"Ẹ̀ńjíníà, ó tún ti dé o!" Ohùn Afínjú ló ń jáde látinú fóònù ọkọ Atawẹ́wẹ́, ó mọ́ gaara bí agogo. "Ìkìlọ̀ yẹn tún ti yọ sójú kọ̀ǹpútà mi. Ó ní ihò USB kan ń fa iná ju èyí tó tọ́ sí i lọ. Ẹ̀rọ mi sì ti dúró sáàárín òdòdó!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá dé ọ̀dọ̀ yín tó bá tó wákàtí kan sí i."

Ọkọ dìde, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun! Ẹni tó ń lọ gbọn eruku lára kọ̀ǹpútà!

Inú yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya yìí ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe: tábìlì méjì, fèrèsé kan, àwọn ẹ̀rọ tó ti kú àti àwọn tó ń kú lọ kún ara ògiri. Ọkọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́fà, ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ẹ̀ńjíníà. Ìyàwó kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Rédíò bàbá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó tú u, wọ́n nà án, ó tò ó padà, rédíò ń sọ̀rọ̀ ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tún nà án nítorí pé ó bà wọ́n lẹ́rù. Ara rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ ń ta. Wọ́n sọ ọ́ ní Atawẹ́wẹ́, kò sì bá wọn jà sí i. Òun ló ń jókòó ti irin sọ́dà, irin tí wọ́n fi ń jó òjé mọ́ wáyà, nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkọ ló ń jáde lọ bá oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pín in láti ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn, kò sì dun ẹnikẹ́ni títí Afínjú fi ra kọ̀ǹpútà.

Aránṣọ ni Afínjú, òpópónà kejì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi òwú ya òdòdó sára aṣọ, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ náà irú òdòdó tí yóò yà. Kò lọ́kọ, kò sì ń wá ọkọ kiri. Kò sí ìgbà tí ènìyàn rí i lóde tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣẹ́. Lójú Atawẹ́wẹ́, tí dúdú ara bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn na ọrùn wọlé. "Ìyàwó wa, mo rí ọkọ yín tó ń kọjá lọ. Ṣé ìgbéyàwó ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà wo ló ń béèrè ṣẹ́ẹ̀tì funfun?" Ó ń nu abẹ lọ́wọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá fá orí fún ènìyàn lónìí, kì í padà wá lọ́la pé irun òun tún ti hù."

"Wọn ò ní padà wá kẹ̀! Ẹni tí ẹ bá gé létí, ibo ló fẹ́ padà sí?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọrùn rẹ̀ padà bí ìjàpá. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó jù ti bọ́ sójú egbò.

Nígbà tí ọkọ dé, Atawẹ́wẹ́ gbé oúnjẹ fún un, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ bí adájọ́.

"Kí lo ṣe sí i lónìí?"

"Mo pààrọ̀ àpótí tó ń gbé iná fún un."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Mo gbọn eruku inú gbogbo ihò rẹ̀. Mo tún ètò inú rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi máòsì tèmi sí i, mo fi kéébù tèmi sí i, mo jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, kò sọ nǹkan kan. Kí n tó délé, ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Wákàtí kan. O jókòó."

"Ṣé kí n wà lóòró ni?"

"Èmi náà á lọ wò ó."

"Rárá!" Ìdáhùn náà yá jù. Ọkọ fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe yá tó, ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, jẹ́ kí n parí rẹ̀. Bó o bá lọ láì jẹ́ pé a ti pè wọ́n ṣáájú, kò bójú mu. Ọ̀gá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ilé oníbàárà kì í ṣe ilé ìyá ẹni."

Òótọ́ ni pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà oníbàárà kankan láì tíì pè é lórí fóònù ní wákàtí kan ṣáájú. Ọjọ́ pẹ́ tí Atawẹ́wẹ́ ti ń fi yangàn pé ọkọ òun lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó wá ń rò ó lódìkejì: ẹni tó ń pè ṣáájú, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ kí wọ́n múra dè é?

Láti ọjọ́ náà ni oorun rẹ̀ ò ti dùn mọ́. Ó ń fọ bọ́ọ̀dù, ọrùn Afínjú ló ń rí. Ó ń jó òjé, ohùn Afínjú ló ń gbọ́. Kọ̀ǹpútà tí Ẹ̀ńjíníà fọwọ́ kàn kì í ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Bí èyí bá wá ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà obìnrin náà ló ń bà á jẹ́ kó lè máa rí ọkùnrin, tàbí ọkùnrin náà ló ń fi í sílẹ̀ láì tún un ṣe kó lè máa rí obìnrin. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe aya ọkùnrin yìí. Kò ní jókòó ti irin sọ́dà kí ẹlòmíì máa fi òdòdó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ẹ̀ńjíníà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó jáde ní kùtù lọ to kọ̀ǹpútà fún iléèwé kan, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í han. Orúkọ Afínjú ló wà lójú rẹ̀. Ó dún, ó dákẹ́. Ó tún dún.

Ọwọ́ Atawẹ́wẹ́ lọ, ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Bó bá gbé e, obìnrin yẹn á mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ta ló ń lu agogo kó tó wọ àká lọ mú eku? Ó jẹ́ kó dún títí ẹnu fi ro ó. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Kò bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ tí irin sọ́dà ti jó lójú mẹ́ta, kò bọ́jú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ kọjá bí ọfà.

"Ìyàwó wa, ṣé kò sí o?"

"Ẹ máa fárí!"

Ilẹ̀kùn Afínjú ṣí sílẹ̀. Atawẹ́wẹ́ kò kàn án, kò sì ní "ẹ ǹlẹ́". Ó bẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ̀ bọ̀ látọ̀nà ti wà létè, ó sì dúró sójú kan gbagidi.

Ṣé ibí ni ilé Afínjú? Aránṣọ náà wà láìwọ bàtà, ó fi àkísà wé orí, ó há abẹ́rẹ́ mẹ́ta sẹ́nu, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ká kò bí ewé gbígbẹ. Ìgékù aṣọ kún ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Tábìlì kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ béèrè. Fáànù kékeré kan ń yí fìì, iná àtùpà kan ń tàn sórí rẹ̀, fóònù kan sùn tì í ó ń gba iná, okùn ẹ̀rọ ńlá yẹn sì nà gbọọrọ gba àárín wọn. Wáyà lọ́ mọ́ wáyà bí ejò tó ń jà.

Afínjú tu abẹ́rẹ́ sọ́wọ́. "Yéè! Ìyàwó Ẹ̀ńjíníà! Ẹ ò tiẹ̀ pè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n palẹ̀ mọ́." Ó ti na ọwọ́ sí wáyà àkọ́kọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ìyàwó tó ń jowú ló wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló pariwo yẹn. Atawẹ́wẹ́ ti rí i. Fáànù, àtùpà, fóònù, okùn ẹ̀rọ ńlá, àpótí pẹlẹbẹ oníhò mẹ́rin kan ni wọ́n ki gbogbo wọn bọ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sọ ihò USB kan di mẹ́rin. Àpótí náà kò sì ní okùn iná tirẹ̀. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ihò kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn. Ìkìlọ̀ yẹn sì jókòó gẹlẹtẹ sójú kọ̀ǹpútà bí onílé.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan," ni Atawẹ́wẹ́ wí. "Bí ọkọ mi bá ń bọ̀, ṣé báyìí ló ń bá tábìlì yìí?"

"Báyìí kẹ̀? Kí àlejò bá mi báyìí, ṣé mo ya wèrè ni? Tó bá ti pè pé òun ń bọ̀, mo ní wákàtí kan. Màá gbálẹ̀, màá yọ gbogbo pàǹtírí yìí, inú dúrọ́ọ̀ ni mò ń kó o sí, màá nu tábìlì. Okùn ẹ̀rọ nìkan ni mo máa ń kì bọ kọ̀ǹpútà, kó lè rí ibi jókòó sí ṣiṣẹ́."

"Tó bá lọ tán?"

"Màá kó wọn padà. Ooru ń mú, ojú mi ò sì ríran dáadáa mọ́."

Atawẹ́wẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Aláìsàn tí wọ́n ń wẹ̀ fún, tí wọ́n ń kun àtíkè fún kí oníṣègùn tó dé! Ó yọ fóònù, ó yọ fáànù, ó tan ẹ̀rọ: òdòdó ń lọ, kò sí ìkìlọ̀. Ó kì wọ́n padà, kò tó ká mí èémí mẹ́ta, ìkìlọ̀ yọ.

"Ẹ rí i? Ẹ̀rọ omi kan, ẹ gbé garawa mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀. Ta ló fẹ́ rí omi? Fóònù àti fáànù, ẹ kì wọ́n bọ iná ara ògiri. Ẹ ra àpótí oníhò mẹ́rin tó ní okùn iná tirẹ̀ fún ìyókù. Okùn ẹ̀rọ, ó ní ihò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni pín in. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín."

"Kò sí?" Afínjú fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ̀ńjíníà wá ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lásán!"

Atawẹ́wẹ́ yí ojú sí i gbọ̀ngbọ̀n. Inú rẹ̀ tó ti tutù díẹ̀ tún gbóná. "Kí lẹ̀yin méjèèjì máa ń fi wákàtí kan sọ?"

Obìnrin náà wò ó, ó wo ẹ̀wù tí iná jó, ó sì yé e. Kò bínú. "Iná ni. Ó máa ń ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà fún mi. Ká sọ tòótọ́, mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ máa ń dùn, mo sì máa ń bi í léèrè."

Ọ̀rọ̀ náà gún Atawẹ́wẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ká ní wọ́n ń di ọwọ́ mú ni, ì bá mọ ohun tí yóò ṣe. Ì bá ti fa àkísà orí ya. Ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń rìn! Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi fẹ́ ẹ níjọ́sí. Lórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí títí òjò fi pa wọ́n.

Ó ti délé kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Ó sọ ọ́ fún un láìgbé e yípo: àpótí oníhò mẹ́rin, fáànù, dúrọ́ọ̀.

Ojú ọkọ yí padà. "Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó o lọ?"

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

"Owú. Owú ló gbé mi débẹ̀, mi ò sì bẹ̀bẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí ló ń gbé ọ débẹ̀? Má purọ́ fún mi. Mo mọ bí ẹ̀rọ tó ń gbóná ṣe máa ń rùn."

Ọkọ jókòó. "Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kó gbé kọ̀ǹpútà náà wá síbí, ká jọ wò ó. Mi ò ní kó gbé e wá. Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ìwọ, kí n tó la ẹnu, o ti tún un ṣe."

Atawẹ́wẹ́ la ẹnu láti dáhùn, ó rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyẹn, ó pa á dé. Ó dùn ún. Ó dùn ún gidi.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lórí tábìlì, oníbàárà kan ló gbé e wá láàárọ̀ pé kò gba iná mọ́. Atawẹ́wẹ́ ti tú u. Ó ti rí ibi tó jó, igun òsì, dúdú bíńtín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí.

"Èyí ńkọ́?" ló béèrè. "Kí ló dé tí kò fi gba iná?"

Ọkọ wò ó bí ẹni tó ń wo ìdẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ó fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Iná wọlé níbí, ó gba ibí, ó pín síbí. Ó ṣìnà níbì kan. Atawẹ́wẹ́ gé ètè jẹ. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ìka rẹ̀ ń yún un lábẹ́ itan. Ó ronú kan Afínjú àti ìbéèrè rẹ̀, ìbéèrè ẹni tí kò gbọ́ ìdajì. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó sì bi ọkọ rẹ̀ ní èyí tó le jù nínú gbogbo ohun tó mọ̀, èyí tí aránṣọ kankan ò lè bi í láéláé:

"Bó bá wá jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn ló ti jó, kí ló dé tí ìdajì kejì bọ́ọ̀dù yìí fi ṣì ní iná?"

Ọkọ wo bọ́ọ̀dù, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó nà án sẹ́yìn àga. "Ìyẹn," ló wí, "ìyẹn á gbà wá lákòókò."