Ilé Agbẹ̀bí Lẹ́yìn Odi

Ìlú onílùú ni agbẹ̀bí kan ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ibẹ̀ ló ra ilé kékeré kan sí, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà: yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ibùdókọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí òun náà ń gbé ìlú ọ̀hún. Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pe àbúrò yìí, torí bí òrùlé bá ń jó lórí rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wí nìyẹn.

Ìjọba ìlú náà wá gbé òfin tuntun jáde: àjèjì tó bá ní ilé níbẹ̀ tí kò sì gbé inú rẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta owó orí ilé ni yóò máa san. Ọ̀rọ̀ náà dun agbẹ̀bí wọra. Ó ní, "Nígbà tí mo ń gbẹ̀bí fún wọn, wọn ò pè mí ní àjèjì."

Àbúrò rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà wá. Òṣìṣẹ́ owó orí máa wá yẹ ilé wò. Tó bá ti bá yín ńbẹ̀, tó rí i pé èèyàn ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Irọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ jọ irọ́ létí agbẹ̀bí. Ṣebí ilé òun náà ni. Ó wọkọ̀ òfurufú, ó lọ.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ló pàdé rẹ̀: òórùn ìpara, oògùn ikọ́, àti aṣọ tí kò rí oòrùn. Bẹ́ẹ̀dì tó fi sílẹ̀ níhòòhò ti ní aṣọ lórí, ó sì dọ̀tí níbi tí orí ń gbé. Irun funfun há sí kóòmù. Ọbẹ̀ kan wà lórí sítóòfù tó ti bu, tí ojú rẹ̀ funfun báláú. Ní balùwẹ̀, eyín àtọwọ́dá, tòkè tìsàlẹ̀, ń wò ó láti inú ife omi.

"Ta ló ni eyín yìí?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá arúgbó tó ń gbé òkè yín. Ó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ní kí n bá òun kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ títí òun á fi dé. Mo ní kó kọ́kọ́ wúlò fún wa ná. Ta ló máa wo ibí tí ò ní gbà pé àgbàlagbà ń gbé e?"

Agbẹ̀bí kì í bẹ̀rù òkú. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ibi ọmọ, kò sí èyí tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rín tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń rín yìí ni kò lè fara dà. Ó sáré dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bì.

Kó tó nu ẹnu tán, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ owó orí ni, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yẹ yàrá wò, ó yẹ ilé ìdáná wò, ó dé ibi ife náà.

"Màmá, ti yín nìyí?"

"Ti wọn ni," àbúrò ti já a gbà. "Wọn ò lè jẹun láìsí i."

Agbẹ̀bí la ẹnu gbàgà níwájú obìnrin náà. Eyín rẹ̀ pé. "Ti òkú ni," ó ní. "Mi ò gbé ibí. Òní ni mo dé. Ẹ kọ ọ́ pé ilé òfìfo ni."

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú, ó kọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ìlọ́po mẹ́ta lẹ fọwọ́ ara yín fà yẹn o," àbúrò ní. "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ìyá kan náà ló bí wa," agbẹ̀bí dáhùn. "Mi ò mọ ibi tó o ti mú ìwà yìí."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ olóògbé dé, agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù náà gòkè. Ọmọ náà gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí imú, ó fa òórùn ìyá rẹ̀ símú títí, ó bú sẹ́kún. Agbẹ̀bí ò lè wò ó lójú.

Kò pẹ́ tó fi ta ilé náà. Òfin yẹn ṣì ń bí i nínú. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń kíra, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé gé dà nù. Ṣùgbọ́n kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́.